Abẹ Lórí Fumie

"Tẹrí ba dáadáa jàre," ni àlùfáà obìnrin náà wí, ó sì gbé abẹ lé irun Fumie.

Irun gígùn yìí ni Fumie fi gba Tokuji, ọkọ àlùfáà náà, lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, tí àlùfáà fi fárí, tó gba tẹ́ńpìlì Búdà lọ. Lónìí, Fumie náà wá forí kalẹ̀, ó ní kí wọ́n gba òun sí tẹ́ńpìlì. Àlùfáà ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Ìdì irun tó máa ń gbẹ̀yìn ní àtàrí, wọn kì í fá a láìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń fárí fún. Kò ní béèrè. Á lé e jáde bẹ́ẹ̀, bí àkùkọ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ tán tó ku ogbe!

"Ìyá, ẹ rọra."

"Ṣé o rọra nígbà tí ò ń gbé ọkọ mi lọ?"

Irun ń já bọ́, ó ku ìdì irun àtàrí nìkan, ni abẹ bá dúró. Àpá gígùn kan wà lẹ́yìn etí Fumie, níbi gan-an tí Tokuji ti la ìgò ọtí ìrẹsì mọ́ àlùfáà fúnra rẹ̀ rí.

"Fumie! Jáde kí n tó fọ́ ilẹ̀kùn yìí!" Tokuji ló ń kígbe níta.

"Ṣé kí n fá a?" Àlùfáà béèrè lẹ́ẹ̀mẹta wéréwéré, Fumie dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹta, ìdì irun já bọ́.

Àlùfáà ṣílẹ̀kùn tòun ti abẹ lọ́wọ́. "Ọkọ wa, wọlé," ó ní, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Omi ìfárí ṣì gbóná. Ìwọ ló kàn."

Bí Tokuji ṣe wọlé, Fumie ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.