Ìbuwọ́lù Olóògbé

Kò sí ìwé tí ẹnu mi yìí ò lè gbà jáde lọ́wọ́ èèyàn. Ohun tí mò ń sọ fún ìyàwó mi nìyẹn bí a ṣe ń páàkì sẹ́nu géètì.

Àlòkù mọ́tò ni mo rà. Ó dára, àmọ́ ìwé rẹ̀ ò pé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó tà á fún mi ní bàbá òun ló ni ín, ikú ni ò jẹ́ kí bàbá fọwọ́ sí i.

Ọ́fíìsì ìwé mọ́tò ní kí n gba ìbuwọ́lù mọ̀lẹ́bí olóògbé wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ dúdú wá sí ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò náà.

Bàbá àgbà kan ṣílẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Bàbá wo?"

"Ẹni tó ni mọ́tò yẹn, sà. Bí ọmọ ni wọ́n mú mi. Orí àìsàn ni wọ́n wà tí wọ́n fi dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, 'Mo ti tà á fún ẹ, máa wà á lọ.'"

Ìyàwó mi ń já mi léèékánná. Èmi bú sẹ́kún. Omijé gidi ni, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bàbá wo mọ́tò títí. Wọ́n wá wo èmi náà.

"Ọmọ mi ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

Ẹkún gbẹ lójú mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè dìde nílẹ̀.

Bàbá fa àga, wọ́n jókòó tì mí.

"Àìsàn wo ló wá pa mí?"