Abẹ̀bẹ̀ Tó Pa Ara Rẹ̀ Dé

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí mo bá parọ́, kí eyín mi ká. Ó dáa, kí ọ̀kan ká, kó jẹ́ èyí tó ti ń mì tẹ́lẹ̀.

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní bánkì ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń pinnu èlé tí àwọn tó bá yáwó máa san. Orílẹ̀-èdè wọn kéré bí ọkọ̀ àjẹ̀. Èyí tó múlé gbè wọ́n ni ọkọ̀ òkun: bó bá ti yí èlé tirẹ̀ padà, ìgbì dé bá wọn nìyẹn. Lóṣooṣù, obìnrin yìí máa ń fún kọ̀ǹpútà ní iye èlé tí wọ́n ń retí lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà á sì ya àwòrán ibi tí èlé tiwọn lè dé, bí abẹ̀bẹ̀. Bí iyèméjì bá ṣe pọ̀ tó ni abẹ̀bẹ̀ ń fẹ̀ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó gbé àkàrà òyìnbó kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó tan kọ̀ǹpútà. Abẹ̀bẹ̀ ti pa ara rẹ̀ dé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù: méje nínú ọgọ́rùn-ún, títí ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀rọ tó bá ní òun mọ ọ̀la, ẹ sá fún un.

Ọ̀gá wọlé, inú rẹ̀ dùn. "Oṣooṣù ni 'ó lè rí báyìí, ó lè rí bẹ́ẹ̀ yẹn.' Lónìí, ẹnu yín ti di ọ̀kan! Ohun tó bá wà níbẹ̀ láago méjìlá ni n ó kéde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n tún un wò. Bí a bá ṣì í, àwọn tó yáwó kọ́lé gbé."

"Ojo! Ta ló ni àkàrà yìí?"

"Ọmọ mi ni, sà. Òní ló pé ọdún mẹ́jọ."

Àbúrò rẹ̀ pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n yáwó ààrò búrẹ́dì yẹn? Èlé tí mo bá fọwọ́ sí lónìí ni n ó máa san títí."

"Dúró ná!"

Ó pe bàbá kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. "Bàbá, níbo lẹ ti ń rí méje tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀ yín kẹ̀! Ẹni tó mọ ìṣirò náà níbí ti fẹ̀yìn tì. Èyí tí ẹ bá kọ fún wa nínú ìwé yín ni mò ń dà kọ."

"Èyí tí ẹ bá kọ ni èmi náà ń dà kọ, sà."

Bàbá dá ẹ̀rín dúró. "Ta ló wá kọ́kọ́ kọ ọ́?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tú ìwé àtẹ̀yìnwá títí ó fi kan méje àkọ́kọ́. Òní ló pé ọdún kan géérégé. Ìwé àwọn ará ọ̀hún pẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ní kóun fi nǹkan dí àyè rẹ̀ ná. Àkàrà òyìnbó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn náà, nọ́ńbà ọjọ́ orí ọmọ gàdàgbà lórí rẹ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó jẹ́wọ́, wọ́n dá ìkéde dúró, abẹ̀bẹ̀ sì tún ṣí.

Kí eyín mi tó ká, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti parọ́: kò kan ilẹ̀kùn kankan, ó pa méje rẹ́, ó kọ mẹ́jọ, ó sì pe àbúrò rẹ̀ pé kó sáré lọ yáwó kí aago méjìlá tó lù.