Mọ́rúfù Aláríyànjiyàn àti Ọkọ̀ Bàbá Kàsímù

Àìsàn kan wà tí wọn ò ní oògùn rẹ̀ lọ́sibítù: kí èèyàn mọ ọ̀rọ̀ sọ ju bó ṣe mọ nǹkan ṣe lọ. Òun ló ń ṣe Mọ́rúfù Odùbánjọ, ọmọ Ajah. Kì í jalè, kì í mutí, kì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ kó má jiyàn. Tẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á ní ta ló jẹ́rìí sí i.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sìmbíátù, ló ń yan ẹja tà tó fi ń rán an níwèé. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó kù kó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ l'Ékòó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò ìwọlé ọ̀hún. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń bi èèyàn níbẹ̀ ni lọ́jíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń ronú tí ìrònú rẹ̀ á fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Tíṣà Olúsànyà tó ti fẹ̀yìntì ló ń kọ́ òun àti Sìdíkàt, ọmọ àdúgbò wọn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Gbogbo ẹja ló ń gbé inú omi," Tíṣà wí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀nì náà ń gbé inú omi. Ṣé ká wá máa pe ọ̀nì ní ẹja?"

"Rárá o, sà," Sìdíkàt dáhùn. "Ẹ ò sọ pé ẹja nìkan ló ń gbébẹ̀."

"O káre. Mọ́rúfù ńkọ́?"

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọ̀nì fúnra rẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi fẹ́ bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mọ́rúfù, kó o tó gun òkè ilé, fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun tó o gbé ìrònú lé, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Etí náà ló mọ.

Dípò kó jókòó ti ìwé, ṣe ló ń kó lọ́jíìkì wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mọ́rúfù, lọ pọnmi wá."

"Àǹtí mi, ṣé gbogbo ẹni tó ń mumi ló yẹ kó pọnmi?"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

"Ewúrẹ́ yín náà ń mumi. Ẹ jẹ́ kó pọn tiẹ̀ wá ná."

Inú bí Sìmbíátù, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó gbé garawa, ó lọ fúnra rẹ̀. Orí Mọ́rúfù wú bíi búrẹ́dì. Kò rántí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Títì tó dáa ò tíì dé Ajah nígbà náà. Ojú ọ̀sà ni wọ́n ń gbà lọ sí Èkó, nínú ọkọ̀ Bàbá Kàsímù. Ọkọ̀ yìí ò mọ aago. Tó bá kún, ó ṣí. Tí ò bá kún, Bàbá Kàsímù á jókòó sí èbúté, wọ́n á máa jẹ obì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá ará Ajah láti jáde nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Sìdíkàt yà láti pè é. Ó bá a nídìí ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà.

"Bọ̀dá Mọ́rúfù, ẹ jẹ́ ká máa lọ o. Èrò ń wọ́ lọ sí èbúté."

"Jókòó kó o gbọ́ lọ́jíìkì. Ọkọ̀ Bàbá Kàsímù kì í ṣí láì kún. Èmi ò tíì wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kò tíì kún."

"Ta ló sọ fún yín pé kò lè kún láìsí yín?"

"Ibo ni irọ́ wà nínú ohun tí mo sọ?"

"Ẹ máa dúró ti ọ̀rọ̀ yín. Èmi ń lọ wọ ọkọ̀."

Sìmbíátù figbe ta: "Mọ́rúfù, dìde ńlẹ̀! Ṣé àríyànjiyàn lo máa fi wọ ọkọ̀ dé Èkó ni?"

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bá mi fi àkàrà kan sí i, kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mọ́rúfù fi ìdánwò Èkó sílẹ̀, ó ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nídìí àkàrà.

Ohun tí kò bèèrè ni pé Alhaja Ọ̀ṣuntọ́lá ń ti Mẹ́kà bọ̀ lọ́jọ́ náà, ìdajì ìlú ló sì ń lọ pàdé wọn l'Ékòó. Bàbá Kàsímù ò tíì jẹ obì kan tán tí ọkọ̀ fi kún dẹ́nu. Nígbà tí Mọ́rúfù fẹsẹ̀ gbẹ́rẹ́ dé èbúté, orin wákà àwọn èrò ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ́ lókèèrè lójú ọ̀sà.

"Bàbá Kàsímù!" ó kígbe. "Ẹ padà o! Ọkọ̀ yín ò tíì kún!"

"Ó kún o, ọmọ mi," obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí dá a lóhùn. "Èmi ni ìyàwó Bàbá Kàsímù, èmi gan-an ò ríbi jókòó."

Ọ̀sán ni ọkọ̀ mìíràn tó lọ. Nígbà tó fi sáré dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, Sìdíkàt àtàwọn yòókù ti ń jáde bọ̀. Ọ̀gá tó ń kó ìwé ìdánwò jọ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọkùnrin?"

Mọ́rúfù dọ̀bálẹ̀. 

"Mo pẹ́ ni, sà."

"Ó dàmọ́dún nìyẹn."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Sìdíkàt yege, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mọ́rúfù bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró nídìí ààrò ẹja ní gbogbo ọdún yẹn. Èéfín ń fín in lójú, kò sì rẹ́ni bá jiyàn, torí ẹja yíyan kì í fèsì. Nígbà tí Sìdíkàt gba ìsinmi wálé, Tíṣà Olúsànyà ní kó máa bá wọn kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò. Mọ́rúfù náà wá, ó ká ẹní lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Mọ́rúfù, a ti bẹ̀rẹ̀ o," Sìdíkàt wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

Gbogbo wọn ń retí kó jiyàn. Mọ́rúfù tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́yìn àwọn ọmọdé.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ló wí fún Sìdíkàt, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kàwé, ẹ gbọ́ o. Ọgbọ́n tí èèyàn fi ń borí ẹbí rẹ̀ nílé ò tíì di ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ lè tò gẹ́gẹ́ lẹ́nu ẹni kó má sì rí bẹ́ẹ̀ níta, nítorí náà, ẹ yọjú wo ìta kẹ́ ẹ tó dórí ìpinnu. Tẹ́ni tó fẹ́ ọ fẹ́re bá sì ní kó o dìde, kọ́kọ́ dìde ná. Tẹ́ ẹ bá ti jọ wà nínú ọkọ̀, ẹ lè jiyàn dé Èkó.