Láptọ́ọ̀pù Tí Ìyá Abẹ́kẹ́ Fi Ìró Wé

Ẹ̀bi Ìyá Abẹ́kẹ́ ni, òun náà kò jiyàn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó fi ìró ìdí rẹ̀ wé láptọ́ọ̀pù Fadérera, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí dí, ó gbóná janjan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ náà wà, ọ̀la ni olùkọ́ sì fẹ́ gbà á.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù Múfútáù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nínú ilé alájà tí àwọn ayálégbé yòókù ti kó kúrò. Kò síná ládùúgbò, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tàn. Múfútáù gbọn òwú ìró kúrò nínú ihò ẹ̀rọ.

"Ìyá, ṣé ẹ tún pọ̀n ọ́n ni?"

"Ó kù díẹ̀ kí n fún un lọ́mú!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí àpótí fi ń dún lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan bá a rín in láti yàrá kejì tó ṣófo.

Láptọ́ọ̀pù tàn, ó tún kú. Ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ kò dákẹ́, ó ń mí fúù, fúù, bí arúgbó tó sùn.

"Ẹ jẹ́ ká yọ bátìrì," ni Múfútáù sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó yọ ọ́.

Ni ojú ẹ̀rọ bá mọ́lẹ̀ kedere. Iṣẹ́ Fadérera yọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

"Ẹ pa á!" Fadérera bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Múfútáù na ọwọ́ rẹ̀ sí Ìyá Abẹ́kẹ́.

"Ìyá, bátìrì rè é lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n wá pa?"