Ọgbà Tó Ń Ṣí Fúnra Rẹ̀

Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe káfíńtà náà, nítorí kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó bá fi téèpù rẹ̀ wọ̀n. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyàwó rẹ̀, tí ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò ṣùgbọ́n tí ọwọ́ òsì kọ̀ jálẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ni pé báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ bí ọwọ́ náà bá ń yá.

Dókítà gbé fóònù fífẹ̀ kan fún un, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wáyà so mọ́ ọn. Géèmù ni. Aláìsàn yóò máa fi ọwọ́ fún bọ́ọ̀lù náà pọ̀, omi yóò sì máa ro sínú ọgbà òdòdó kan lójú fóònù. Bí omi bá tó, géètì ọgbà mìíràn á ṣí. Adágún ẹja lè wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ ọ́n títí géètì yóò fi ṣí.

"Ẹ kúkú ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ṣé mo lè ta kọ́bọ́ọ̀dù fún oníbàárà, kí n tún ti ìdajì rẹ̀ pa mọ́ ọn lójú? Ẹ jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀."

"Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, á wò ó tán lónìí, ọwọ́ á sì padà lọ sùn," ni dókítà dá a lóhùn. "Èyí tó wà ní títì ló ń fa ọwọ́."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló wá ń tọ́jú aláìsàn. Inú Òṣùwọ̀n dùn sí i, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó dé pé, "Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti lè gbé nǹkan, ilé ọkọ rẹ yá o." Kò dì í ní kùnrùngbùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà ti bínú kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ rí, Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló sì mú un padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ahọ́n àti eyín ń jà, ó ní, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù dé lálẹ́, á bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga, ọwọ́ òsì á wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé. Á ní kó fún bọ́ọ̀lù. Ìka á gbọ̀n, omi kò ní ro. Síbẹ̀, ọgbà tó wà ní títì láàárọ̀ á ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ta ló ṣí eléyìí?"

"Mo gbìyànjú díẹ̀ lọ́sàn-án," ni ìyàwó á wí.

Òṣùwọ̀n gbé bọ́ọ̀lù náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó ń fa ayùn fún un pọ̀. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí omi tó dé ìdajì. Ọwọ́ tí kò lè gbé ife wá ṣe èyí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Fóònù obìnrin náà á dún, á pa á. Ẹ̀rín rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa dé ìta, bí Òṣùwọ̀n bá sì ti fẹsẹ̀ kan ilé, ẹ̀rín á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan tó sáré wálé láti wá mú ìṣó, bọ́ọ̀lù náà ṣì ń gbóná.

Ó pe dókítà. "Ẹnìkan ń fi oògùn ìyàwó mi ṣeré nínú ilé mi."

Dókítà wá. Ó ní kí aláìsàn gbé ife. Ọwọ́ náà sún díẹ̀, ó padà wó lulẹ̀. Dókítà wo ọwọ́, ó wo ojú. Ó wo àbúrò tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru.

"Ẹ má kán ìyàwó yín lójú," ló sọ fún Òṣùwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Òṣùwọ̀n létí. Ó wọlé, ó bi àbúrò náà léèrè lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá òun ló ń ṣí àwọn ọgbà náà. Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

"Èmi ni, bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe é mọ́."

"Nígbà tí o ń ṣeré, ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ ń kú lọ. Di ẹrù rẹ."

"Ta ni yóò wá máa tọ́jú mi?" ni ìyàwó béèrè. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ó jọ ti ẹni tó ń wá ọ̀nà.

"Èmi alára."

Ó sì ṣe é. Ó ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń se oúnjẹ, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí àbúrò ti padà sílé ọkọ rẹ̀, géètì kankan kò ṣí mọ́. Òṣùwọ̀n gbé fóònù náà síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé ó wá rí i báyìí pé irọ́ kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò," ni ìyàwó wí. "Kò wù mí láti wò ó mọ́."

Ó ń fún un lóúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó dìde lọ ṣí i, ṣíbí lọ́wọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, pẹ̀lú àpò ńlá léjìká. Ojú rẹ̀ kan ti wú di, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Òṣùwọ̀n la ẹnu láti béèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti dìde kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gba àpò tó wúwo náà léjìká àbúrò rẹ̀, ó mú un wọlé, ó fi ọ̀tún ti ilẹ̀kùn, ó sì wí láì wẹ̀yìn pé, "Ọwọ́ yìí ti yá tipẹ́, ibi tí ọmọ ìyá mi yóò sá sí ni kò tíì sí."