Ìkòkò Tábà Rutabingwa

Ìfura ló ba ayé Rutabingwa jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló sì mọ́ jù ní Bulembo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọkàn tán láyé. Lọ́dọ̀ wa ní gúúsù odò Kagera, nítòsí ààlà Uganda, bí àlejò bá wọlé, onílé á kọ́kọ́ ju hóró kọfí kan sẹ́nu ara rẹ̀ kó tó gbé igbá kọfí fún un, kó lè hàn pé kò sí májèlé níbẹ̀. Rutabingwa á ní kí onílé tún jẹ èkejì. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìfura loògùn àgbà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ."

Òun ni ìjọba fi ṣe olórí ilé mẹ́wàá ládùúgbò, gbogbo ohun tó bá rí ló sì ń lọ rò fún ìjọba. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan létí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ni ìfura rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni Kashaija apẹja. Uganda ni wọ́n ti bí Kashaija, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún láàárín wa. Òun àti Rutabingwa ti mulẹ̀. Wọ́n la hóró kọfí kan sí méjì, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn kùn ún, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1978, àwọn sójà Uganda ya wọ ilẹ̀ wa. Wọ́n gba gbogbo apá àríwá odò, wọ́n sì fọ́ afárá tó wà lórí rẹ̀. Nyakato, ọmọ kan ṣoṣo tí Rutabingwa bí, wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Kò pẹ́ tí àwọn sójà tiwa fi kún inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n to àwọn ìbọn ńlá tí à ń pè ní àgbá kalẹ̀, wọ́n ń múra láti lọ gba ilẹ̀ wa padà. Wọ́n pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ odò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Rutabingwa fọwọ́ kan ọkọ̀ Kashaija.

"Kí ló dé tí ọkọ̀ rẹ tutù?"

"Òjò ni, ọ̀rẹ́ mi."

"Òjò wo? Èyí tó rọ̀ sórí ọkọ̀ rẹ nìkan?"

Kashaija rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọ̀n rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Rutabingwa wá ìkòkò tábà rẹ̀ tì. Inú àpò Kashaija ló ti rí ẹnu rẹ̀ tó yọ síta. Kò bi í léèrè. Ó kọrí sọ́dọ̀ ọ̀gá sójà.

"Amí ni, ọ̀gá. Ará Uganda ni, ó ń wọ odò ní bòókẹ́lẹ́, ó sì jí ìkòkò tábà mi kó lè fi han àwọn ọ̀tá pé òun mọ olórí àdúgbò. Mo búra."

Wọ́n de Kashaija lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó wo Rutabingwa lójú. "Kọfí tí a jọ jẹ ńkọ́?" Rutabingwa gbójú kúrò.

Kokuhirwa ìyàwó rẹ̀ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ tó sì ròyìn fún un. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Baba Nyakato, èmi ni mo fún un ní ìkòkò tábà yẹn. Èèyàn mọ́kànlá ló ti fi ọkọ̀ kó wá láti òdìkejì. Nyakato wà nínú koríko etí odò láti ijẹta, ó kọ̀, kò wọ ọkọ̀. Ó ní ará Uganda ni Kashaija náà, pé bàbá òun ló kọ́ òun kí òun má fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó ní àfi bí òun bá rí nǹkan bàbá òun. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló fẹ́ lọ fi hàn án."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ta ló ń sọ nǹkan fún yín?"

Rutabingwa sáré padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀gá sójà wò ó tìfura-tìfura. "Lọ́sàn-án, o búra pé amí ni. Nírọ̀lẹ́, o búra pé kì í ṣe amí. Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ láàárín méjèèjì?"

"Ọmọ mi ló wà lọ́hùn-ún, ọ̀gá."

"Amí náà máa ń bímọ."

Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá kan náà pẹ̀lú Kashaija. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ń sunkún. "Ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni mo ní kó ti dúró dè mí," Kashaija wí. "Kò ní kúrò níbẹ̀."

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ilẹ̀ ń mì. Òdìkejì odò ni gbogbo ọta náà ń bọ́ sí. Nígbà tí oòrùn yọ, àwọn ọ̀tá ti ń sá, gbogbo Bulembo sì ń jó ijó ayọ̀. Ọ̀gá sójà wá mú Kashaija pé kó lọ fi ibi tí omi kò ti jìn hàn wọ́n, nítorí kò sí ẹni tó mọ odò náà bí apẹja. Ọ̀sán ló padà dé, ó pọn ọmọ ọwọ́ kan. Kò sí Nyakato pẹ̀lú rẹ̀. Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ náà ló ti bá a, ó ti kú, ó fi ara bo ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tú Rutabingwa sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kokuhirwa pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé Kashaija láti tọrọ àforíjì. Kashaija ju hóró kọfí kan sẹ́nu, ó sì gbé igbá fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Rutabingwa na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà.

"Ṣé kí n tún jẹ èkejì ni?" Kashaija bi í.

Rutabingwa dìde, ó lọ sílé rẹ̀ tó ṣófo, kò sì sí ẹni tó gbé igbá kọfí síwájú rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí kò ní ìwọ̀n, ẹni tó ń lò ó ló ń pa. Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ká tó fà á lé ọlọ́pàá tàbí sójà lọ́wọ́. Ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ọjọ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, kò ní rí ẹni kan. Ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín, nítorí ibi tí ẹ kò sí ni yóò ti lò ó.