Orúkọ Àjèjì Lójú Ewé Àkọ́kọ́

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?" Ẹ̀gbọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí ẹni ń pa èèrà.

"Áàpù yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ òun dọ̀tun," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sán yìí ni wọ́n máa gba iṣẹ́ ìwádìí wa kẹ́yìn!"

Áàpù tó ń bá a to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tó yá ọ̀rọ̀ wọn lò ni wọ́n ń bá jà. Láti àárọ̀ tó ti sọ ọ́ dọ̀tun, gbogbo òǹkọ̀wé, àtòkú àtalààyè, ti di ẹnì kan ṣoṣo: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Àní ẹni tó kọ ìwé kí wọ́n tó bí bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yọ áàpù náà, ó tún fi í sí i. Pàbó ló já sí.

"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín yá ju kó o tún ọdún yìí ṣe."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Ọmọ mi," ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, "mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé gidi tó báyìí rí. O ti yege!"

"Ẹ ṣeun, sà!"

"Àbùkù kan péré ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí wà lójú ewé àkọ́kọ́, lábẹ́ àkọlé. Yọ ọ́ kúrò."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Orúkọ tirẹ̀ ni.